Páìpù, Ìda àti Wáyà: Ohun Tí Akẹ́kọ̀ọ́ Fi Ń Wo Ìsàlẹ̀ Òkun

Ẹ mú ike kékeré tí wọ́n máa ń kó fíìmù kámẹ́rà sí láyé àtijọ́, ẹ lu ihò sí ìdí rẹ̀, kí ẹ fi wáyà méjì gba ibẹ̀ wọlé. Ẹ so wáyà náà mọ́ ẹ́ńjìnnì kékeré kan tó ń lo bátìrì, irú èyí tó wà nínú ohun ìṣeré ọmọdé, kí ẹ fi téèpù wé ara ẹ́ńjìnnì náà títí gbogbo ojú ihò rẹ̀ yóò fi dí. Ẹ yọ́ ìda. Ẹ dà á sínú ike náà dé ìdajì, ẹ ki ẹ́ńjìnnì bọ inú ìda gbígbóná yẹn, ẹ tún da òmíràn lé e lórí títí kò fi ní sí àyè fún afẹ́fẹ́ mọ́, kí ẹ wá dé e. Irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń yí nìkan ni kó yọ síta. Bí ìda bá ti dì, omi ò ríbi wọlé mọ́. Ẹ fi abẹ̀bẹ̀ kékeré sí ẹnu irin náà, ẹ so wáyà mọ́ bátìrì, ẹ tẹ gbogbo rẹ̀ bọ inú korobá omi. Ó ń yí, omi sì ń hó.

Ọmọ ọdún 12 lè ṣe é láàárín ọ̀sán kan, bí àgbàlagbà bá dúró tì í nídìí ìda gbígbóná. Tó bá ti ṣe mẹ́ta, yóò so wọ́n mọ́ férémù tó fi páìpù omi kọ́, páìpù funfun tí àwọn pulọ́ńbà ń gé lójoojúmọ́. Ẹ́ńjìnnì méjì á máa tì í síwájú, sẹ́yìn, wọ́n á sì máa yí i sọ́tùn-ún sósì. Ẹ̀kẹta á máa gbé e lọ sókè sódò. Wáyà tí wọ́n fi ń so kọ̀ǹpútà mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì ni okùn rẹ̀, ó máa ń gùn ju mítà 10 lọ, súíìṣì mélòó kan sì wà lọ́wọ́ ẹni tó ń darí rẹ̀ létí omi. Rọ́bọ́ọ̀tì abẹ́ omi nìyẹn. Kò sí idán kankan nínú rẹ̀.

Èyí tí mo ń ṣàlàyé yìí ni wọ́n ń pè ní SeaPerch. Ètò Sea Grant ti Yunifásítì MIT ní Amẹ́ríkà ló sọ ọ́ di ẹ̀kọ́ ilé-ìwé ní ọdún 2003, tí ẹ̀ka ìwádìí ọmọ ogun ojú omi orílẹ̀-èdè náà sì ń fi owó tì í lẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ìwé kan tí Harry Bohm àti Vickie Jensen tẹ̀ jáde ní 1997 ni wọ́n ti rí ọgbọ́n rẹ̀ mú. Ohun tí a lè rà ní ṣọ́ọ̀bù lásán ni ìwé náà fi ń kọ́ni láti ṣe rọ́bọ́ọ̀tì abẹ́ omi. Kò béèrè ilé ìwádìí, kò sì béèrè pé kí ìjọba kọ́kọ́ dá sí i. Mo rò pé ìdí nìyẹn tó fi tàn kálẹ̀ tó bẹ́ẹ̀: olùkọ́ kan ṣoṣo tó ní ìtara lè bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ nínú kíláàsì kan ṣoṣo.

Apá tí mo fẹ́ràn jù nínú ẹ̀kọ́ yìí ni ti ihò férémù. Wọ́n á ní kí ọmọ lu ihò sára àwọn páìpù rẹ̀ yíká. Ọmọ á máa wojú olùkọ́, torí látàárọ̀ ni wọ́n ti ń sọ fún un pé kí omi má ṣe wọlé, wọ́n wá ní kó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣílẹ̀kùn fún un. Ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ gbé férémù tí kò níhò sínú omi ná. Yóò léfòó, kò ní rì, bó ti wù kí ẹ́ńjìnnì náà tì í tó. Afẹ́fẹ́ tó há sínú páìpù ló gbé e dúró. Tí omi bá ti gba ojú ihò wọlé, tí afẹ́fẹ́ jáde, ìgbà yẹn ni iṣẹ́ tó nílò sùúrù á tó bẹ̀rẹ̀: wọ́n á so fóòmù mọ́ òkè férémù, wọ́n á máa gé e kúrò díẹ̀díẹ̀, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ sínú omi wò, wọ́n á tún gé díẹ̀ sí i, títí rọ́bọ́ọ̀tì yóò fi dúró jẹ́ẹ́ sí agbede méjì omi, tí kò ní lọ sókè, tí kò ní lọ sílẹ̀. Òfin Archimedes ni wọ́n ń fọwọ́ bà yẹn. Wọ́n kọ òfin kan náà sójú pátákó fún àwa náà ní sẹ́kọ́ńdìrì, a dà á kọ, a fi yege ìdánwò, a sì gbàgbé rẹ̀ kí WAEC tó mú èsì jáde. Ẹni tó fi ọ̀bẹ gé fóòmù títí rọ́bọ́ọ̀tì tiẹ̀ fi dúró kò lè gbàgbé láéláé.

Ẹnìkan lè béèrè pé kí ló dé tí òmùwẹ̀ ò fi lè lọ wo ìsàlẹ̀ òkun fún wa. Ọ̀rọ̀ Harrison Okene dáhùn ìbéèrè yẹn. Ní oṣù Karùn-ún 2013, ọkọ̀ ojú omi Jascon-4 dojú dé nítòsí Escravos, ó sì rì sí nǹkan bíi mítà 30. Okene, tó jẹ́ alásè nínú ọkọ̀ náà, rí ibì kan tí afẹ́fẹ́ há sí, ó sì wà níbẹ̀ fún nǹkan bíi wákàtí 60 kí àwọn òmùwẹ̀ tó wá gbé òkú tó bá a láàyè. Gbogbo ayé ló gbọ́ ìyẹn. Èyí tí ọ̀pọ̀ ò gbọ́ ni pé wọn ò lè gbé e wá sókè kó máa lọ sílé. Inú yàrá irin ni wọ́n tì í mọ́ fún ohun tó ju ọjọ́ méjì lọ, kí afẹ́fẹ́ tí omi ti tẹ̀ wọ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè jáde díẹ̀díẹ̀, torí bí wọ́n bá kánjú, ó lè kú lẹ́yìn tó ti bọ́ lọ́wọ́ ikú. Mítà 30 péré nìyẹn o. Gbogbo mítà 10 tí èèyàn bá fi wọlẹ̀ nínú òkun ló ń fi odindi ìwúwo afẹ́fẹ́ ojú ayé kan kún ohun tó ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀.

Nígbà tí pèpéle ìwakànga epo Deepwater Horizon bú gbàù ní oṣù Kẹrin 2010 ní Gulf of Mexico, tí èèyàn 11 kú, ojú ihò tí epo ń gbà tú jáde wà ní nǹkan bíi mítà 1,500 nísàlẹ̀ omi. Kò sí òmùwẹ̀ tó lè débẹ̀. Rọ́bọ́ọ̀tì ni wọ́n fi wo ohun tó bàjẹ́, rọ́bọ́ọ̀tì ló gé páìpù, rọ́bọ́ọ̀tì náà ló ti ìdérí tuntun pa ní ọjọ́ 15 oṣù Keje. Epo ti tú sókun fún ọjọ́ 87 kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀. Àwọn tó jókòó sídìí irin ìdarí nínú ọkọ̀ tó wà lójú omi ni gbogbo ayé ń wò. Mo máa ń rántí pé ẹnìkan ló kọ́ wọn níṣẹ́ yẹn, níbì kan, nígbà tí kò tíì sí ẹni tó mọ̀ pé ọjọ́ burúkú ń bọ̀.

Gbogbo irú rọ́bọ́ọ̀tì bẹ́ẹ̀, ńlá àti kékeré, ló ní okùn. Ìgbì rédíò kì í rìn jìnnà nínú omi iyọ̀. Fóònù ò lè pe ohunkóhun nísàlẹ̀ òkun, àwọn sátẹ́láìtì tó ń júwe ọ̀nà fún wa lójú títì ò sì mọ ohun tó wà níbẹ̀. Nítorí náà wáyà ló ń gbé iná àti àṣẹ lọ, wáyà kan náà ló ń gbé àwòrán bọ̀. Ẹni tó bá kọ́ ti SeaPerch ti lóye ti Deepwater Horizon. Ohun tó kù ni owó àti ìwọ̀n.

Láti ọdún 2002 ni ètò MATE, tó bẹ̀rẹ̀ láti Monterey Peninsula College ní Califọ́níà, ti ń ṣe ìdíje rọ́bọ́ọ̀tì abẹ́ omi fún akẹ́kọ̀ọ́, láti ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ títí dé ti yunifásítì. Ohun tó mú kí n bọ̀wọ̀ fún ìdíje yìí ni pé ìṣòro gidi ni wọ́n máa ń gbé síwájú àwọn ọmọ. Ní 2011, ọdún kan lẹ́yìn ìjàm̀bá epo yẹn, inú adágún ńlá tí NASA ti ń kọ́ àwọn arìnrìn-àjò òfuurufú ní Houston ni wọ́n ti ní kí wọ́n wá gé páìpù, kí wọ́n dé kànga tó ń jò, kí wọ́n sì bu omi fún àyẹ̀wò. Ní 2021, ọ̀rọ̀ ike àti iyùn abẹ́ òkun ni. Wọ́n ní kí rọ́bọ́ọ̀tì kó pàǹtí ike, kó yọ àwọ̀n tí apẹja ti pàdánù, tó ṣì ń pa ẹja nísàlẹ̀ láìsí ẹni tó máa jẹ ẹ́. Wọ́n tún ní kí kọ̀ǹpútà ọmọ náà fi àwòrán iyùn ti òní wé ti àná, kó sọ ibi tó ti hù sí i, ibi tó ti kú àti ibi tó ti funfun nítorí ooru omi.

Ohun kan tún wà tí àwọn òbí wa máa fẹ́ràn. Ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ dúró bí ilé-iṣẹ́. Wọ́n á ní ọ̀gá, wọ́n á ní ẹni tó ń ṣírò owó, wọ́n á kọ ìwé tó ṣàlàyé gbogbo bí wọ́n ṣe ṣe é àti iye tó ná wọn, wọ́n á sì dúró níwájú àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ láti dáhùn ìbéèrè. Ọmọ tí rọ́bọ́ọ̀tì rẹ̀ mọ omi í wẹ̀ ṣùgbọ́n tí kò lè ṣàlàyé rẹ̀ kì í gba ipò kìíní.

Ní 2004, yunifásítì Califọ́níà tó wà ní Santa Barbara ni ìdíje yìí ti wáyé. Ìlú Phoenix ní Arizona ni ẹgbẹ́ kan ti wá, láti ilé-ìwé girama Carl Hayden, ní àárín aṣálẹ̀ tí òkun jìnnà sí. Ọmọ mẹ́rin ni wọ́n: Cristian Arcega, Lorenzo Santillan, Oscar Vazquez àti Luis Aranda. Ọmọ Mẹ́síkò ni wọ́n, kékeré ni wọ́n wà tí wọ́n ti kó wọn wọ Amẹ́ríkà, wọn ò sì ní ìwé ìgbélùú. Olùkọ́ wọn, Fredi Lajvardi àti Allan Cameron, forúkọ wọn sílẹ̀ sí ìsọ̀rí tí àwọn yunifásítì wà. Èrò wọn ni pé bí wọ́n bá tiẹ̀ máa fìdí rẹmi, ó sàn kó jẹ́ lọ́wọ́ àwọn àgbà. MIT wà nínú ìsọ̀rí náà, ilé-iṣẹ́ epo ńlá sì ti fi owó tì wọ́n lẹ́yìn. Owó tí àwọn ọmọ Phoenix rí kó jọ ò ju nǹkan bíi 800 dọ́là lọ. Páìpù ike ni wọ́n fi kọ́ rọ́bọ́ọ̀tì wọn, wọ́n kùn ún ní àwọ̀ oríṣiríṣi, wọ́n sì sọ ọ́ ní Stinky nítorí òórùn gọ́ọ̀mù tí wọ́n fi lẹ páìpù pọ̀.

Nígbà tí wọ́n dán an wò, omi ń jò wọ inú àpótí tí wọ́n kó àwọn wáyà sí. Bí omi iyọ̀ tàbí omi adágún bá kan wáyà wọ̀nyẹn, ó parí. Kò sí àyè láti kọ́ àpótí mìíràn. Wọ́n wá ronú ohun tó lè fa omi mu kíákíá nínú àyè tí kò gba ju ìka lọ, Lorenzo sì lọ ra owú tí àwọn obìnrin ń lò fún nǹkan oṣù ní ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n tò ó sínú àpótí náà, wọ́n yọ́ òjé sí ojú ibi tí wáyà ti já, wọ́n sì gbé Stinky sínú omi lọ́jọ́ kejì. Ó ṣiṣẹ́. Nígbà tí wọ́n kéde èsì, àwọn ọmọ girama láti aṣálẹ̀ ló gba ipò kìíní lápapọ̀, MIT ṣe ìkejì. Ìwé ìròyìn Wired gbé ìtàn náà jáde ní 2005, wọ́n sì fi ṣe fíìmù ní 2015.

Ibi tí fíìmù parí sí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń parí ìtàn náà sí. Èmi ò lè parí rẹ̀ síbẹ̀. Ní 2006, àwọn olùdìbò Arizona fọwọ́ sí òfin kan tó ní kí ẹni tí kò níwèé ìgbélùú máa san owó àlejò ní yunifásítì ìpínlẹ̀ náà, owó ilé-ìwé sì di ìlọ́po. Cristian, tí ọpọlọ rẹ̀ pé jù nínú wọn, kò lè bá a lọ. Lorenzo àti Luis bá iṣẹ́ oúnjẹ lọ. Oscar parí yunifásítì ní 2009, ó sì padà sí Mẹ́síkò kó lè fi ọ̀nà òfin béèrè fún ìwé. Lẹ́yìn tó rí i gbà, ó wọ iṣẹ́ ológun Amẹ́ríkà, ó sì jà ní Afghanistan. Kò sí ẹnìkan nínú àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí òkun jèrè. Orílẹ̀-èdè tó ń wá ẹni tí yóò máa tún páìpù epo ṣe nísàlẹ̀ omi ní àwọn ọmọ mẹ́rin tó ti fi hàn pé àwọ́n mọ̀ ọ́n ṣe, ó sì jẹ́ kí wọ́n lọ.

Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ dá irú ètò yìí sílẹ̀ ò kéré. Ó rọrùn láti kọ́ ọmọ kó ṣe rọ́bọ́ọ̀tì. Ó rọrùn láti ya fọ́tò pẹ̀lú ife ẹ̀yẹ. Ìbéèrè tó wúwo ni pé lẹ́yìn ìdíje ńkọ́? Omi wo ni rọ́bọ́ọ̀tì yẹn máa wọ̀, iṣẹ́ ta ni yóò ṣe níbẹ̀, ilé-ìwé wo ló sì máa gba ọmọ náà wọlé?

Ìlú kan wà tó ti gbìyànjú láti dáhùn. Alpena ni orúkọ rẹ̀, ní ìpínlẹ̀ Michigan, létí adágún Huron. Ìlú sìmẹ́ǹtì ni, bí Ewékorò wa. Nínú omi tó wà níwájú rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní Thunder Bay, nǹkan bíi 200 ọkọ̀ ojú omi ló ti rì láti ayé àtijọ́, omi tútù náà sì ti pa púpọ̀ nínú wọn mọ́ bí ẹni pé àná ni wọ́n rì. Ní ọdún 2000, ìjọba sọ ibẹ̀ di àgbègbè tí òfin ń dáàbò bò. Ní 2014, wọ́n gbé ìdíje MATE lọ síbẹ̀, iṣẹ́ tí wọ́n sì fún àwọn ọmọ kì í ṣe eré: kí wọ́n wọn ọkọ̀ tó rì, kí wọ́n mọ orúkọ rẹ̀, kí wọ́n kó ìgò ike kúrò lára rẹ̀, kí wọ́n sì ka iye ìṣáwùrú tó lẹ̀ mọ́ ọn. Ìṣáwùrú yẹn, zebra mussel, àlejò ni. Láti apá Yúróòpù ló ti bá omi inú ọkọ̀ ńlá wọ àwọn adágún náà ní àwọn ọdún 1980, ó sì bo gbogbo nǹkan títí kan àwọn ọkọ̀ tó rì. Ẹni tó bá fẹ́ gbógun tì í ní láti kọ́kọ́ mọ iye rẹ̀. Wọ́n á gbé férémù onígun mẹ́rin lé ojú kan, wọ́n á ka èyí tó wà nínú rẹ̀ nìkan, wọ́n á sì fi ìyẹn ṣírò ti gbogbo ọkọ̀ náà. Ìṣirò ọmọ girama ni, ṣùgbọ́n òun gan-an ni àwọn onímọ̀ ń lò.

Ohun tó jẹ́ kí n yan Alpena láàyò ni kọ́lẹ́ẹ̀jì tó wà nínú ìlú náà. Alpena Community College ń fúnni ní ìwé ẹ̀rí nínú ìmọ̀ ẹ̀rọ abẹ́ omi, ìwé ẹ̀rí ọlọ́dún méjì. Ọmọ tó bá fi páìpù bẹ̀rẹ̀ ní ilé-ìwé girama lè kọ́ iṣẹ́ náà dé òpin láìkúrò nílùú, omi tó sì nílò ìtọ́jú wà níwájú ilé rẹ̀. Ilé-ìwé, omi, òfin tó dáàbò bo omi náà àti ibi tí iṣẹ́ ti wà, gbogbo rẹ̀ pàdé síbì kan.

Ní Ọsirélíà, yunifásítì QUT ní Brisbane gbé e gba ọ̀nà mìíràn. Ní 2015 wọ́n fi COTSbot hàn, rọ́bọ́ọ̀tì tí kò ní okùn, tó ń fi kámẹ́rà dá ẹ̀dá ẹlẹ́gùn-ún kan tó ní apá bí ìràwọ̀ mọ̀, èyí tó ń jẹ iyùn Great Barrier Reef run, tó sì ń gún un lábẹ́rẹ́ pa. Rọ́bọ́ọ̀tì yẹn dára, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n ni. Kí a tó rí ọ̀jọ̀gbọ́n bẹ́ẹ̀, ẹnìkan ti ní láti jẹ́ ọmọ tó ń gé fóòmù.

Kí ló wá kàn wá níbí? Òkun kàn wá. Ó ju kìlómítà 800 lọ tí etíkun Nàìjíríà gùn. Ní oṣù Kìíní 1998, páìpù kan fọ́ nísàlẹ̀ òkun ní Idoho, létí Akwa Ibom, nǹkan bíi àgbá epo 40,000 tú síta, omi sì gbé e rìn títí tó fi dé Èkó. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta 2024, wáyà íntánẹ́ẹ̀tì mẹ́rin já nísàlẹ̀ òkun nítòsí Àbíjàn, báǹkì wa dúró, àwọn oníṣòwò tó gbówó sórí fóònù dúró, ọ̀pọ̀ nínú wa sì kọ́kọ́ mọ̀ lọ́jọ́ yẹn pé abẹ́ òkun ni íntánẹ́ẹ̀tì ń gbà wọlé. Ní Ayétòrò, ìlú àwọn Ìlàjẹ tí wọ́n tẹ̀ dó ní 1947, òkun ti gbé ilé, ó ti gbé ilé-ìwé, ó ń bọ̀ sí i. Ojú omi là ń wò nínú gbogbo ọ̀rọ̀ wọ̀nyí. Ìsàlẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣẹlẹ̀.

Àwọn ọmọ wa kì í ṣe òpè sí rọ́bọ́ọ̀tì. Ní 2024 sí 2025, òkun ni ìdíje FIRST LEGO League, tí àwọn ilé-ìwé ní Nàìjíríà ń kópa nínú rẹ̀, fi ṣe àkòrí. Àwọn ọmọ kọ́ rọ́bọ́ọ̀tì tó ń gbé ẹja àtọwọ́dá àti iyùn àtọwọ́dá kiri. Orí tábìlì ni o, omi ò sí níbẹ̀. Mo yin àwọn tó ń ṣe é, iṣẹ́ ńlá ni. Ìgbésẹ̀ tó kàn ni omi gidi. Íjíbítì ti gbé e: Alẹkisáńdíríà ni wọ́n ti ń ṣe ìdíje MATE ti ilẹ̀ wọn, àwọn ọmọ wọn sì ń bá àwọn ará Amẹ́ríkà àti Ṣáínà figagbága.

Omi tiwa ní ìwà tirẹ̀, ẹni tó bá kó ìwé Amẹ́ríkà wá láìtún un ṣe máa kan ìṣòro. Ọ̀sà Èkó dúdú. Nígbà òjò pàápàá, kámẹ́rà tó dára jù ò ní rí ju ìwọ̀nba níwájú ara rẹ̀ lọ. Èrò tèmi ni pé kí rọ́bọ́ọ̀tì ọmọ Èkó má fi kámẹ́rà ṣe olórí. Ẹ fún un ní ohun tó ń wọn ooru omi, èyí tó ń wọn iyọ̀, èyí tó ń wọn bí omi ṣe dọ̀tí tó, àti okùn tí wọ́n sàmì sí ní mítà mítà láti fi mọ ibi tó jìn dé. Kí ó sì lè bu omi wá sókè láti ìsàlẹ̀, èyí tí ọmọ lásán ò lè fi korobá bù.

Ọ̀rọ̀ fóòmù tún padà wá níbí. Lítà 1,000 omi tí kò níyọ̀ wúwo tó kílò 1,000; ti òkun tó nǹkan bíi 1,025. Rọ́bọ́ọ̀tì tó gba àyè lítà 4, tó dúró jẹ́ẹ́ nínú adágún ìwẹ̀, máa léfòó tó bá dé òkun, àfi bí wọ́n bá fi nǹkan bíi gíráàmù 100 kún un. Omi ọ̀sà Èkó sì ń yí padà: nígbà òjò, omi odò ń wọ inú rẹ̀, iyọ̀ rẹ̀ ń dínkù, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, òkun ń wọ inú rẹ̀, iyọ̀ ń pọ̀. Ọmọ tó bá ń ṣàkọsílẹ̀ ìwúwo tó fi kún rọ́bọ́ọ̀tì rẹ̀ láti oṣù dé oṣù ti ń ṣàkọsílẹ̀ ìgbésí ayé ọ̀sà náà. Irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ wúlò fún àwọn apẹja, torí ẹja ń tẹ̀lé iyọ̀ lọ, ó ń tẹ̀lé e bọ̀.

Ohun èlò ò jìnnà. Páìpù wà ní gbogbo ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta ohun ìkọ́lé. Wáyà kọ̀ǹpútà wà ní Computer Village ní Ìkẹjà. Ẹ́ńjìnnì kékeré tó ń tu omi sí gíláàsì ọkọ̀, tó ń lo iná fólítì 12, kún ọjà Ládípọ̀. Ìda wà lọ́wọ́ àwọn tó ń ta oyin. Àwọn tó ń tún fóònù ṣe lábẹ́ agbòòrùn mọ yíyọ́ òjé ju ọ̀pọ̀ olùkọ́ físíìsì lọ, ẹ pè wọ́n wá sí kíláàsì, kí ẹ sì sanwó fún wọn. Ẹ má sì gbàgbé àwọn apẹja. Bàbá tó ti ń da àwọ̀n láti kékeré ní Ìlàjẹ tàbí ní Màkókó mọ ibi tí omi ti ń ṣàn gbá èèyàn lọ, ó mọ ibi tí igi wà nísàlẹ̀ tó ń fa àwọ̀n ya. Bátìrì kì í ṣe ohun ìṣeré létí omi. Àgbàlagbà tó mọ omi í wẹ̀ gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ nígbà gbogbo, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan sì wọ ẹ̀wù tó ń gbéni léfòó.

Ohun tí kò tíì sí ni ìdè tó so wọ́n pọ̀, irú èyí tí Alpena ní. Ilé-iṣẹ́ ìwádìí òkun NIOMR wà ní Victoria Island láti 1975. Ẹ̀ka ẹ̀kọ́ nípa òkun wà ní Yunifásítì Èkó, ọ̀sà sì wà lẹ́yìn ọgbà wọn ní Akọka. Láti 2023 ni a ti ní ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òkun àti ọrọ̀ inú rẹ̀. Bí ọ̀kan nínú wọn bá lè sọ fún ilé-ìwé girama márùn-ún ní etí ọ̀sà pé, ẹ máa bá wa wọn omi ibí yìí lóṣooṣù, a ó lo ohun tí ẹ bá rí, iṣẹ́ yẹn nìkan tó láti sọ rọ́bọ́ọ̀tì ọmọdé di ohun èlò ìlú. Ọmọ á mọ̀ pé ẹnìkan ń dúró de nọ́ńbà òun. Ọmọ tó bá sì ṣe dáadáa, kí àyè wà fún un ní yunifásítì, kí ẹ̀kọ́ rẹ̀ má sì dúró nítorí owó.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ jáde tí ẹ ń ronú ohun tí ẹ máa ṣe fún ilé-ìwé yín lọ́dún yìí, ẹ ti kun ògiri, ẹ ti ra àga, ó dára. Ní ọdún tó ń bọ̀, ẹ bá wa ra páìpù, wáyà, bátìrì àti táǹkì omi ńlá kan tí wọ́n gé ẹnu rẹ̀, kí ẹ kó wọn fún olùkọ́ físíìsì, kí ẹ sì sọ fún un pé lẹ́yìn sáà kan, ẹ ń bọ̀ wá wo rọ́bọ́ọ̀tì nínú omi.